Ìkíni Tí Mo Yọ Kúrò Níwájú Ọ̀rọ̀ Oògùn Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí wa sí, tí ó sì fún ọwọ́ mi lágbára láti di kálàmù mú. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo ti gbọ́ "a dúpẹ́" rẹ láti ibí, mo sì ti bá ọ dúpẹ́.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo fi ránṣẹ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dìde, tí mo ń jókòó, tí mo tún ń lọ wo ojú ọ̀nà bóyá awakọ̀ tí yóò mú un wá bá ọ ti dé. Ara mi kò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtẹ oògùn ìyá rẹ tí o ṣe sínú fóònù ni, èyí tí gbogbo wa jọ ń rí, tí iye oògùn kọ̀ọ̀kan wà nínú àpótí tirẹ̀.

Mo gbà pé èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ̀bi. Ní oṣù tó kọjá, èmi ni mo pa iye oògùn ìrọ̀lẹ́ rẹ́ nínú àpótí rẹ̀, tí mo kọ "Ọlọ́run ni olùwòsàn" síbẹ̀. Òtítọ́ ni mo kọ, ṣùgbọ́n àǹtí rẹ, àbúrò ìyá rẹ tí ó ń fún un lóògùn, wá iye náà títí, kò rí i, ni o bá ti gbogbo àpótí pa, o ní kí ẹni tó bá lọ́rọ̀ kọ ọ́ sí kọ́mẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Onílé tó ti yàrá tó sì fi fèrèsé sílẹ̀ kò lé àlejò. Mo kàn bi aránṣọ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà pé níbo ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, nítorí mo ti tú páálí tí fóònù bá wá, n kò rí i. Ó ní ọwọ́ rẹ ló wà. Jọ̀wọ́, tọ́jú rẹ̀, má gbé e sórí tábìlì níbi iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, mo mú ìyá rẹ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó ti wálẹ̀ jù, pé ìdí nìyẹn tí òòyì fi ń kọ́ ọ bó bá dìde, kí a dín oògùn àárọ̀ kù láti méjì sí ẹyọ kan. Bí mo ti dé ilé ni mo kọ kọ́mẹ́ǹtì. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbàdúrà fún ọ̀gá rẹ, mo wá sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì nísàlẹ̀. O dáhùn pé "Àmín, Bàbá." Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, méjì ṣì ni àpótí ń wí. Mo tún kọ, mo fi àdúrà kún un, bóyá ti àkọ́kọ́ kò tó. O tún ní "Àmín, Bàbá." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ, Àmín mẹ́rin ni mo gbà.

Àǹtí rẹ kò gbọ́ tèmi. Ó ní ohun tí a bá tì pa ni àṣẹ, pé ẹni tó kọ àdúrà sí ibi tí iye oògùn ń gbé kò lẹ́nu níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ọmọ mi, òwúrọ̀ mẹ́ta gbáko ni èmi alàgbà ìjọ fi ń jí ẹyọ kan nínú àwo oògùn, tí mo ń fi í sápò ẹ̀wù. Láàná ó ká mi mọ́ ọn. Ó ní irú olè wo ló ń jí oògùn aláìsàn, pé bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tèmi náà ló ń ru kí n kúkú sọ. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó dìde lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ògiri ni kò jẹ́ kó ṣubú. Abẹ́ ìrọ̀rí àǹtí rẹ ni àwo náà wà báyìí. Méjì ni ìyá rẹ lò láàná, méjì ló lò láàárọ̀ yìí.

Mo gbé fóònù tọ aránṣọ lọ. Ó wò ó, ó ní, "Bàbá, ìkíni yín ló dí ẹnu ọ̀nà." Ó ní ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń kọ́kọ́ hàn sí ọ, kí n kọ ọ̀rọ̀ náà láìkí ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí olùkọ́ ti kọ́ mi ní lẹ́tà kíkọ, n kò kọ̀wé sí ẹ̀dá láìkí i rí. Mo kọ ọ́: "Ẹyọ kan láàárọ̀, nọ́ọ̀sì ló wí." Kò sí "ọmọ mi", kò sí "ṣé àlàáfíà". Bí mo ti tẹ̀ ẹ́ tán, aránṣọ ní dátà àti owó ìpè mi ti tán, òun kò mọ̀ bóyá ó lọ.

Bí kò bá lọ, ìyá rẹ yóò tún lo méjì lọ́la. Bí ó bá sì lọ, o ti rí ọ̀rọ̀ baba rẹ níhòòhò, o lè rò pé inú ń bí mi sí ọ. Jọ̀wọ́, ṣí àpótí náà, kọ ẹyọ kan síbẹ̀, kí o sì tún un tì. Má ṣe Àmín sí èyí. Fi owó díẹ̀ rán awakọ̀ yìí, fún dátà, àti fún ọkọ̀ tí yóò tún gbé ìyá rẹ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Àǹtí rẹ ni yóò tẹ̀ lé e lọ́tẹ̀ yìí, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Ìkíni tí mo yọ kúrò níwájú kọ́mẹ́ǹtì yẹn nìyí, bá mi dá a padà sí àyè rẹ̀: Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà ni? Kí Ọlọ́run ṣọ́ ìwọ, ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Kí ilẹ̀kùn ilé rẹ má tì mọ́ ire, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má yẹ̀ nínú rẹ̀.

Èyí ni kí o ṣe Àmín sí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.