Màmá Mi Ní Kí N Kí Ọ

Phoebe ọ̀rẹ́ mi,

Ara mi le, òtútù Ṣáínà ò tíì pa mí. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ń pè mí ní Tíṣà Àdùfẹ́. Wọn ò tíì gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ kúrò ní yàrá wa látìgbà tí o ti ní o ò wá mọ́, lẹ́yìn tá a jọ tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́. Mi ò bínú. Orí ẹ̀ ni mò ń ká aṣọ sí.

Ṣùgbọ́n tí o bá ti Àpápá wá sí Ajégúnlẹ̀, jọ̀ọ́, má kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù màmá mi. Torí pé a jọ ń lọ ni wọ́n ṣe jẹ́ kí n lọ. Lánàá, wọ́n ní kí n bá àwọn kí ọ, kí n rí i pé ò ń jẹun.

Wọ́n kí ọ o. Ṣé ò ń jẹun?

Àdùfẹ́