Màmá Fàyèsílẹ̀, Aránṣọ Tó Ń Rán Aṣọ De Ọ̀la

Ní ọdún 1947, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n. Káfíńtà náà ni bàbá wọn. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. Ìran tí kì í káwọ́ lẹ́rán ni wọ́n. Bàbá ń fá pákó, ìyá ń fọṣọ, Màmá, tí í ṣe àkọ́bí, ń ṣa bọ́tìnì tó já bọ́ lára aṣọ oníbàárà, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ rán an padà.

Wọ́n wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954, wọ́n sì jáde ní 1960. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá aránṣọ kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ kan ni ọ̀gá náà tẹnu mọ́ jù: "Ẹni tó bá wà láàyè ń dàgbà. Fi àyè sílẹ̀!" Màmá kò gbàgbé rẹ̀ láéláé. Gbogbo aṣọ tí wọ́n bá rán, wọ́n á ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú kó fẹ̀ dáadáa, kí wọ́n lè tú u bí aláṣọ bá ga tàbí tó bá sanra sí i. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti sọ wọ́n ní Màmá Fàyèsílẹ̀.

Ní 1969, wọ́n fẹ́ awakọ̀ akẹ́rù kan, Ọlọ́run sì fi ọmọbìnrin kan àti ọmọkùnrin kan ta wọ́n lọ́rẹ. Ní 1978, àìsàn kọ lu bàbá wa lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ padà wálé, bàbá kò bá a padà. Ọmọ tó kéré ṣì wà lẹ́yìn Màmá nígbà náà, ìyẹn ni wọ́n pọ̀n jókòó ti máṣìn lẹ́yìn ìsìnkú.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n rán aṣọ ilé ìwé fún ọmọ wọn obìnrin, aṣọ kan ṣoṣo tó wọ̀ títí ó fi parí ilé ìwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, Màmá á tú ìṣẹ́po kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Aṣọ á gùn sí i, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n tú á yọ bí ìlà dúdú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ka ìlà náà, wọ́n a máa pè é ní Aláṣọ-Ìlà. Lọ́jọ́ tó sunkún délé, Màmá ní, "Jẹ́ kí wọ́n kà á dáadáa. Ìlà kan, kíláàsì kan."

Ọmọ náà di olùkọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ, ó kúnlẹ̀ kó lè dúpẹ́. Màmá kò tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìn. "Dìde jàre, abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn." Bẹ́ẹ̀ ni ọpẹ́ náà há sí i lọ́fun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá gbé ẹ̀bùn wá, wọ́n á ní kó gbé e fún àbúrò rẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á bi í bóyá ó ti jẹun.

Nínú ìjọ, Màmá ló ń rán aṣọ àwọn akọrin. Màmá fúnra wọn kì í bá àwọn akọrin náà kọrin, nítorí ohùn wọn, kí Ọlọ́run má bínú sí wa, kò ṣeé gbọ́ sétí. Àdúrà wọn kì í gùn: "Olúwa, ẹ ṣé, ẹ tún ṣe sí i." Ládùúgbò, bí ẹni tí kò lẹ́nì kan bá kú, Màmá ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí pé kí wọ́n wá rán aṣọ tí wọ́n máa fi tẹ́ ẹ. Ọ̀fẹ́ ni. Aṣọ yẹn nìkan ni wọn kì í fi àyè sí. Wọ́n á gé etí rẹ̀ mọ́ ojú abẹ́rẹ́, wọ́n á ní, "Èyí ti dàgbà tán."

Ní 2021, ojú wọn di bàìbàì. Ọmọ wọn obìnrin kó wọn lọ sílé rẹ̀, tàwọn ti máṣìn. Olùkọ́ tí kò lè so bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù wá di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ọjọ́ alẹ́ ìyá rẹ̀. Bó bá rán aṣọ kan tán, Màmá á fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀ lọ, wọ́n á mí kanlẹ̀: "Tú u." Lọ́jọ́ kan tó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọpẹ́ rẹ̀, wọ́n dá a lẹ́kun: "Ìwọ ni kó o rán aṣọ tí wọ́n máa fi tẹ́ mi. Bó o bá fẹ́ dúpẹ́, fi abẹ́rẹ́ dúpẹ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ọdún 2024, Màmá mí èémí ìkẹyìn lápá ọmọ yìí. Ọmọ náà kò dúró gbọ́ ẹkún àwọn tó wá kí i. Ó ta aṣọ funfun sórí tábìlì, ó jókòó ti máṣìn. Ẹ̀rù ń bà á pé bí aṣọ yìí bá bàjẹ́, ọpẹ́ òun bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún un mọ́ pé kó tú u.

Nígbà tó rán an tán, àbúrò Màmá lóbìnrin yí inú aṣọ náà síta. Ojú rírán gún régé. Ṣùgbọ́n nínú, láti apá dé ìsàlẹ̀, ọmọ náà ti ṣẹ́ etí aṣọ sínú gbòòrò, bí ẹni ń rán ti ọmọ ilé ìwé.

"Ọmọ mi, kí la fẹ́ fi gbogbo àyè yìí ṣe? Òkú kì í dàgbà mọ́."

Ìgbà yẹn ni ọmọ náà tó mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gbé e lé etí aṣọ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gé e. Ẹkún tí kò tíì sun láti àárọ̀ wá bọ́. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló wà. Òun ló wà lọ́rùn Màmá lónìí.

Màmá fi àbúrò obìnrin kan, ọmọ méjì, ọmọ-ọmọ mẹ́rin, àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó pọ̀ káàkiri sáyé lọ. Wọ́n tún fi máṣìn kan sílẹ̀, òwú funfun ṣì wà lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ẹ sùn re o, Màmá Fàyèsílẹ̀. Aṣọ náà kò ní fún mọ́ yín lára.