Má Gbé Ọkọ Mi Sórí Fóònù Mọ́

                                        Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀,
                                        Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gé gíláàsì,
                                        Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ àbígbẹ̀yìn ti fi í sílẹ̀, tàbí kò tíì jẹ́ kí ẹ sinmi? Orúnkún ìyá wa ńkọ́? Bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yé gun àtẹ̀gùn yẹn nítorí aṣọ tí wọ́n sá. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ tó ń já òwú ńkọ́, ṣé o ti gbé e lọ fún àtúnṣe? Gbogbo rẹ̀ ni mò ń béèrè torí pé mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́. Ara tiwa náà le níbí.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé ìwé ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ayé àtijọ́ la ṣì wà. Kí ni kí n ṣe? O ti tì mí mọ́ta lórí fóònù rẹ. Mo pè, kò wọlé. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ọkọ rẹ ló máa yà gba lẹ́tà yìí lónìí, kó mú un wá, mo sì bẹ̀ ọ́, má bá a jà nítorí rẹ̀. Irun orí rẹ̀ ló kún, ó sì ti mọ́ ọn lára pé èmi ni mò ń gé e. Lánàá, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà wọlé bí ẹni tó fẹ́ jí adìẹ, ó ní kí n má jẹ́ kí o gbọ́ pé òun wá. Mo ní ọ̀dọ̀ mi gan-an lo ti máa gbọ́ ọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde sá lọ pẹ̀lú irun apá kan.

Jẹ́ kí n wọnú ọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé ohun tó ń bí ọ nínú ni pé lọ́jọ́ tí o pé àádọ́ta ọdún, gbogbo ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ ló gbé fọ́tò rẹ sórí sítétọ́ọ̀sì orí fóònù wọn, àfi èmi. Ó ní o jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, o ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó gbé e àti ẹni tí kò gbé e. Ó ní kódà ẹni tó ń bá ọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù gbé e, ó tún fi òdòdó yí i ká. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìwọ náà kọ ọ́ sórí tìrẹ pé ọjọ́ ìbí lèèyàn fi ń mọ ọ̀tá. O ò dárúkọ o, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láti bi mí pé kí ni mo ṣe fún ọ. Ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì ì bá ti parí láàárín àwọn kọ́tìnnì tó o ń rán tà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ, o gbé e fún àwọn tí kò mọ ilé wa.

Ó dáa. Mi ò gbé e, òótọ́ ni. Mi ò ní tọrọ àforíjì lórí rẹ̀, mi ò sì ní gbé e lónìí tàbí lọ́la.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́: ta ló wà nílé ìdáná rẹ lọ́jọ́ yẹn? Ta ló gé irun rẹ nígbà tó ku ọ̀la, tó rọra fi abẹ yí etí rẹ ká títí tó o fi wo dígí tó o ní o ti padà di ọmọge? Wo àwọn fọ́tò yẹn dáadáa. Nínú èyí tí o ti ń gé kéèkì, ọwọ́ kan wà lápá òsì tó gbé tíréè dání. Ọwọ́ mi nìyẹn. Àwọn tó ń ya fọ́tò ni wọ́n bá ọ ṣe ọjọ́ ìbí, èmi tí mò ń fọ abọ́ títí ẹ̀yìn fi ń ro mí ni mo di ọ̀tá. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí ọkọ rẹ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi, ó sì ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

O máa ní, kí ló wá ná mi láti gbé e? Kò ná mi ní nǹkan kan. Kì í sì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwọ gan-an lo kọ́ mi. Ṣebí èmi náà máa ń gbé nǹkan síbẹ̀ tẹ́lẹ̀: kílípà tuntun, orí tí mo fá tó dán, ológbò tó sùn sórí àga oníbàárà tó kọ̀ tí kò dìde. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa. Ohun tó jẹ́ kí n jáwọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, torí mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Àwọn àgbà ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí. Èmi dákẹ́, ó sì padà di ìjà.

Ṣé o rántí ìgbà tí ọkọ mi dùbúlẹ̀ àìsàn? Báwo lo ṣe máa gbàgbé? Ìwọ lo bá mi sùn sórí bẹ́ńṣì ọsibítù. Ìwọ lo ń gbé aṣọ rẹ̀ lọ fọ̀, tó o ń gbé e padà wá ní gbígbẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ níwájú mi pé o ò ṣe dáadáa sí wa, èmi àti ẹni náà la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ra oògùn, mo ní kó o bá mi jókòó tì í. Nígbà tí mo padà dé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ, omi wà lójú rẹ, o ní o ti ní káwọn èèyàn bá wa gbàdúrà. Mo ní o ṣeun. Mi ò béèrè pé kí lo fi hàn wọ́n.

Fọ́tò rẹ̀ lo fi hàn wọ́n, Eyínfúnjowó. Ó sùn, rọ́bà wà nímú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, aṣọ ti ṣí kúrò láyà rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í jókòó sídìí ọkọ̀ láìjẹ́ pé ó ti fi ọwọ́ tẹ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tẹ́jú! Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn èèyàn rẹ ti ń kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan gbàdúrà lóòótọ́. Àwọn míì ò tiẹ̀ ka ohun tó o kọ, fọ́tò ni wọ́n rí, ni wọ́n bá ní "Sùn re o." Ẹnì kan tan àbẹ́là sí i. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wọ mọ́tò, ó sunkún láti ilé títí dé ọsibítù, ó já wọ wọ́ọ̀dù, ó figbe ta: "Áà, àbúrò mi o!" Ọkọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń jẹ ọsàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ta ló kú?" Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. A rò pé ibẹ̀ ló parí sí.

Kò parí síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló ń wà nígbà yẹn, o mọ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn òbí ọmọ ni wọ́n ní rárá. Wọ́n ní àwọn ti fojú ara àwọn rí fọ́tò rẹ̀, pé àwọn ò lè gbé ọmọ àwọn fún ẹni tó lè dákú mọ́ sítíárìn. Ọ̀gá ilé-ìwé fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é, ó ní kó lọ sinmi díẹ̀. Ìsinmi díẹ̀ náà ló sọ ọ́ di ẹni tó ń bá mi to kílípà sórí tábìlì, tó ń gbá irun àwọn oníbàárà mi jọ. O bi mí nígbà yẹn pé kí ló dé tí kò padà síbi iṣẹ́, mo ní ó fẹ́ fara balẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí n gbé fóònù wá, kí òun rí ohun tí àwọn òbí wọ̀nyẹn rí. Mo fẹ́ fi ọgbọ́n yẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹnu mi là sílẹ̀." Ó dá fóònù padà fún mi. Láti ìgbà náà ló ti ń kọjú sí ògiri sùn, tó sì ń ti ilẹ̀kùn yàrá kódà nígbà tó jẹ́ pé àwa méjì nìkan la wà nílé. Ṣé o rántí ọjọ́ tí ọmọ wa obìnrin parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí gbogbo wa tò fún fọ́tò? Ẹ̀yìn ẹni tó ń ya fọ́tò ni bàbá rẹ̀ dúró sí, ó bá wa di báàgì mú. O pariwo pè é títí, o ní ojú ń tì í bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín.

Èyí tó wá burú jù ni pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo gbé e. Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ náà bá ti yí po, fóònù rẹ á tún fi fọ́tò yẹn hàn ọ́, ìwọ náà á tún gbé e síta: ẹ wo ohun tí Olúwa ṣe fún ọkọ ọ̀rẹ́ mi! Inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra, bó o ṣe máa ń wí nìyẹn. Mo gbà. Inú tìrẹ ni kó o má pa mọ́ra, fi ti ọkọ mi sílẹ̀. Ara rẹ̀ ti yá tipẹ́, ó ń gun òrùlé tún páànù ṣe, ó ń bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Lójú àwọn èèyàn rẹ, orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ló ṣì wà.

Ó dé orí ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé. Ọkọ mi ti ríṣẹ́. Bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìgò ni wọ́n fún un wà. Oṣù yìí ni wọ́n fi ń wò ó, tó bá parí láyọ̀, wọ́n á gbà á pátápátá. Ó ti tún ń súfèé ní balùwẹ̀, Eyínfúnjowó. Mo ti gbàgbé pé ó máa ń súfèé. Obìnrin tó jẹ́ akọ̀wé níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ló ti ń ra kọ́tìnnì, kò sì sí ohun tó o gbé síta tí kì í wò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́ fọ́tò yẹn tún máa pé.

Nítorí náà, fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mò ń bẹ̀. Pa á rẹ́. Pa á rẹ́ níbi tó o gbé e sí, pa á rẹ́ nínú fóònù rẹ, kó o sì sọ fún gbogbo ẹni tó o fi ránṣẹ́ sí pé kí wọ́n pa á rẹ́. Má fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Má kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ ní kó o pa á rẹ́. Má sì lọ ya ọkọ mi nídìí bọ́ọ̀sì tuntun kó o fi ṣọpẹ́, mo mọ̀ ọ́, ọwọ́ ti ń yún ọ. Ọkọ mi kì í ṣe ẹ̀rí tí wọ́n ń jẹ́ lọ́dọọdún. Èèyàn ni, ojú sì ń tì í.

O lè bínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bínú, mo ti gbà. Kì í ṣe gbogbo ohun tójú rí lẹnu ń sọ, ohun tí mo fi ń gbé ilé mi nìyẹn, mi ò sì ní tìtorí òdòdó orí fóònù yí i padà. Tó o bá pé ọgọ́ta, mi ò ní gbé e. Tó o bá pé ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n fi àga gbé ọ jáde, mi ò ní gbé e, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá mi wá sílé ìdáná, wọ́n á bá mi níbẹ̀.

Bá mi kí ìyá wa gidigidi. Kí àwọn ọmọ, kí aládùúgbò rẹ tó ń tún aago ṣe, kí ẹni tó ń bá ọ gbálẹ̀ pẹ̀lú òdòdó rẹ̀. Sọ fún ọkọ rẹ pé tó bá tún fẹ́ gé irun, ẹnu ọ̀nà iwájú ni kó gbà.

Ọkọ mi ò mọ̀ pé mo kọ̀wé yìí. Ó rí orúkọ rẹ lórí fọ́tò yẹn lọ́jọ́ tó wò ó, kò sì dárúkọ rẹ mọ́ ọ̀rọ̀ fọ́tò náà rí títí di òní. Lánàá ló tún bi mí pé kí ló dé tí ẹsẹ̀ rẹ fi dá nílé wa. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọ. Ó ní kí n kí ọ. Bí a bá túká lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí màá máa sọ fún un náà nìyẹn.

Èmi tí o tì mọ́ta, tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ,
Onígbàjámọ̀.