Oríkì Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Dárasími

Ìhúnbọ̀,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejì, ọdún 2020.

Ẹ̀gbọ́n mi Gbọ́lá,

Mo kí yín láti ìhín bodè dé ọ̀hún. Ṣé ara yín le? Toheebat ìyàwó yín, ìyá Dárasími, ńkọ́, àti ọmọ ọwọ́ tí a kò tíì fojú rí? Mo gbàdúrà pé kí ọyẹ́ tó ń lọ yìí má fi ikọ́ sílẹ̀ fún yín. Ara tiwa náà le. Màmá ń jẹun, Dárasími ọmọ yín ń jẹun, èmi náà ń jẹun. Bí ó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni ẹ fẹ́ mọ̀, ẹ lè pa lẹ́tà yìí dé níbí.

Ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí n kò pè yín lórí fóònù. Tí mo bá pè yín, Màmá á ti dúró tì mí, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi gba fóònù náà lọ́wọ́ mi kí wọ́n lè kì yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ níṣojú wọn. Ìyá Jẹ̀mílátù tó máa ń gba ọ̀nà oko kọjá bodè ni yóò mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ yín ní Àjàṣẹ́. Ó ní sọ́jà tó bá fẹ́ kà á yóò kọ́kọ́ kọ́ Yorùbá.

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ Dárasími, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo ń jowú yín, Bọ̀dá. Kì í ṣe nítorí ṣọ́ọ̀bù taya yín, kì í sì í ṣe nítorí pé ẹ gbọ́ Faransé. Òwúrọ̀ yín ni mo ń jowú. Ẹ rántí bí àwa méjèèjì ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀ ní yàrá Màmá. Wọ́n á wò yín, wọ́n á ní, "Àjàní, ọmọ onílẹ̀ tó rọ̀ bí òwú, ọmọ a-fẹ̀yìn-òjò-gbin-àgbàdo," títí ẹ ó fi máa rẹ́rìn-ín lórí ìdọ̀bálẹ̀. Tó bá kan èmi, wọ́n á ní, "O ti jí? Ṣé o ti pọnmi?" Àkànní tí wọ́n sọ mí, ẹnu Bàbá nìkan ni mo ti gbọ́ ọ rí, Bàbá sì tètè lọ.

Tí mo bá ṣẹ̀, wọn kì í nà mí. Wọ́n á ní, "Àṣé ọmọ ni mo gbé sọnù, ibi ọmọ ni mo ń tọ́ láti ọjọ́ yìí." Lọ́jọ́ kan tí wọ́n sọ ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni yín nígbà náà, èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé. Èmi ò gbàgbé.

Nígbà tí ẹ mú Dárasími wá kí ó lè kàwé lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kejì gan-an ni Màmá bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Àṣìkẹ́, ọmọ onílẹ̀ tó rọ̀ bí òwú," wọ́n sì kì í dé òpin, wọn ò fo ọ̀kan. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ń jowú ọmọ ọdún méje. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ti bodè pa. Sátidé tí ẹ máa ń wálé di Sátidé lásán. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, wọn ò já epo sí àwọn iléepo ìtòsí bodè mọ́, ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ dákẹ́, a sì padà sí fífi ọwọ́ rin ín. Ó rẹ Màmá, ẹnu wọn sì mú ju irin tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ lọ. Wọ́n á máa wo Dárasími, wọ́n á ní, "Ojú ìyá ẹ rèé. Ìyá ẹ ló so bàbá ẹ mọ́lẹ̀ sọ́hùn-ún." Lọ́jọ́ kan tí ọmọ náà da omi ẹ̀gẹ́ nù, wọ́n ní, "Kì í ṣe bodè ló dá bàbá ẹ dúró. Ìwọ ni kò fẹ́ rí."

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọn ò ti kì í mọ́. Á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ kú àárọ̀, Màmá." Màmá á máa wo inú abọ́ ẹ̀gẹ́ bí ẹni pé ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀. Ọmọ náà á wà lórí eékún títí èmi á fi ní kó dìde. Wọn ò fọwọ́ kàn án rí. Abọ́ oúnjẹ rẹ̀ kún, aṣọ iléèwé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Gbogbo àdúgbò ń sọ pé Ìyá Gbọ́lá mọ ọmọ tọ́.

Ibi tó burú jù nìyí, ẹ kà á dáadáa. Inú mi dùn. Mo ní kí ọmọ Gbọ́lá náà tọ́ ọ wò. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó bá ti kúnlẹ̀, mo máa ń jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó ní kó dìde.

Ní oṣù tó kọjá ni Tíṣà Ìtẹ́olúwakìíṣí tó ń kọ́ wọn ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun sọ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde sọ oríkì rẹ̀ ní kíláàsì. Nígbà tó kan Dárasími, ó ní, "Èmi ò ní mọ́. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi." Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà bi í pé ta ló gbà á. Ó ní, "Màmá ni. Tí bàbá mi bá dé, wọ́n á dá a padà. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò fẹ́ rí mi."

Tíṣà ní, "Mákindé, mo wo ara ọmọ yìí, n ò rí àpá. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́. Ṣé ìgbà tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ ni ẹ ó tó mọ̀ pé wọ́n ń ṣá ọmọ lọ́gbẹ́?" Ohun tí ọmọ náà sọ ni èmi ìbá sọ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ká ní ẹnì kan bi mí.

Ẹ sáà mọ orí mi. Láti iléèwé, mo gba ibi tí Màmá àtàwọn obìnrin yòókù ti ń bó ẹ̀gẹ́ lọ tààrà. Mo ní níṣojú gbogbo wọn, "Màmá, ẹ dá oríkì ọmọ yìí padà fún un." Mẹ̀dínátù, ìyàwó ilé kejì, rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé gààrí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?" Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìborùn bojú, wọ́n sunkún níbẹ̀, níṣojú àwọn tí wọ́n jù lọ́jọ́ orí. Àṣìṣe mi nìyẹn. Mo dójú ti ìyá mi ní gbangba, ọmọ yín ló sì jẹ ìyà rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́fà, Màmá ò bá a sọ gbólóhùn kan. Wọ́n á gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á kọjá lọ.

Lọ́jọ́ keje, mo wọlé tọ̀ wọ́n lọ ní èmi nìkan. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò dìde. Mo sọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti ṣe fún mi láti kékeré, àti ohun tó ń ṣe fún Dárasími. Wọ́n wá ní, "Ta ló kì èmi rí? Ìyàwó bàbá mi ló tọ́ mi. 'Ìwọ yìí' ni orúkọ tí mo ń jẹ́ títí mo fi wọlé ọkọ." Mo ní, "Màmá, ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n Dárasími kọ́ ló ṣe é." Wọ́n ní kí n jáde. Mo jáde.

Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń jókòó sórí àga lóròòwúrọ̀. Dárasími á kúnlẹ̀ níwájú mi, èmi á sì kì í. N kò mọ̀ ọ́n délẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti kọ́ ọ. Mo sì tún ń jowú ọmọ náà, nítorí ó rí ẹni jókòó fún un. Ẹ̀yin ni ìbá ti jókòó fún èmi, Bọ̀dá.

Àmọ́ àbúrò bàbá kì í ṣe bàbá. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ lẹ́tà sí i, kí ẹ sọ fún un pé bodè ló dá yín dúró, kì í ṣe òun. Kí ẹ wá wálé, bó ṣe ọjọ́ kan péré, kí ẹ bá Màmá sọ̀rọ̀. Ó ń dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tiyín. Ẹ má rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Bí oṣù Kẹta bá parí tí n kò rí yín, èmi fúnra mi ni yóò mú un gba ọ̀nà oko wá bá yín, kí Màmá máa bínú sí èmi. Ó ti mọ́ wọn lára.

Kí Olúwa ṣọ́ ẹ̀yin, Toheebat àti ọmọ tuntun. Kí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ wa ṣí, kí ẹ wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, kí ẹ sì bá gbogbo wa láàyè.

Èmi ni àbúrò yín tó ń jowú yín, tí kò sì jẹ́ fi yín sílẹ̀,

Mákindé Àkànní.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa kí n tó tún un tú. Ní àárọ̀ yìí, mo ń kì Dárasími lọ, mo ní, "ọmọ a-fẹ̀yìn-òjò-gbin-àgbàdo." Ohùn Màmá jáde láti inú èéfín níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí: "Ẹ̀gúsí ni. Ta ló gbin àgbàdo nílé baba ẹ?" Wọn ò wẹ̀yìn, wọ́n ń ro gààrí wọn lọ. Nítorí náà, ẹ bá mi tún un ṣe níbi tí mo ti kọ ọ́ lókè. Dárasími wò mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ó ṣì wà lọ́wọ́ wọn." Mo dúró díẹ̀ níbẹ̀, bóyá wọ́n á fi tèmi kún un. Wọn ò fi kún un. Mo gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́, mo lọ.