Òǹtẹ̀ Tó Ti Wà Níbẹ̀

Màámi ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ ńlá ṣẹlẹ̀. Níbi ìgbafẹ́ tí a lọ lónìí, wọn ò lu òǹtẹ̀ sínú ìwé tí ọkọ mi Ognyan fi ń gba òǹtẹ̀ ní gbogbo ibi ìgbafẹ́ tí a bá yà sí nínú òtútù yìí.

"Ọ̀gá, ẹ tún dé? A ti lù ú fún yín ní Kérésì èṣí!" ni obìnrin onítíkẹ́ẹ̀tì wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé ìwé mi wá. Èmi ò débí rí," ni Ognyan dáhùn.

Mo gbà á gbọ́. Ó kàn mọ ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn láìbéèrè ni.

"Ṣebí iṣẹ́ lo lọ ṣe ní ìlú Varna ní Kérésì èṣí?" ni mo bi í nígbà tí a jókòó jẹun níbẹ̀.

"Zornitsa, jẹ ọbẹ̀ rẹ jàre, ó ń tutù."

Ọbẹ̀ náà dùn. Ẹ bá mi kí Bàámi.

Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri wọn pé:

ÌKÌLỌ̀: A KÌ Í LU ÒǸTẸ̀ ÀFI TÍ ONÍWÈÉ BÁ WÁ FÚNRA RẸ̀.