Ìyá Ọkọ Mi Ló Bu Omi La Gọ́ọ̀mù, Èmi Ni Wọ́n Ní Kí N Jẹ́wọ́

Mo fẹ́ jẹ́wọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ọkọ mi ní kí n jẹ́wọ́. Ohun tí ọkọ mi ń fẹ́ ni pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, lẹ́yìn ìsìn, kí n dúró níwájú ìyá tó bí mi, kí n sọ pé èmi ni mo ba edé wọn jẹ́. Irọ́ ni. Irọ́ gbuu ni, òun náà sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi kà á dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, torí inú ń bí mi débi pé mi ò mọ ibi tí mo ti máa mú ọ̀rọ̀ yìí... Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ mi síbẹ̀ o. Ní àdúgbò Bajulaiye tí à ń gbé yìí, tó jẹ́ ti àwọn atẹ̀wé, ilé tí wọn ò bá ti ń tẹ̀wé, wọ́n á máa kàwé níbẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, etí ọ̀sà ní Bàrígà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Edé gbígbẹ ni ìyá mi ń tà. Ọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ní yàrá iwájú ilé wa. Káàdì ìgbéyàwó àti ìkéde òkú ló ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe pákẹ́ẹ̀tì ọjà. Wọ́n á tẹ orúkọ ọjà sára bébà, wọ́n á wá lẹ sẹ́lófénì mọ́ ojú rẹ̀, ìyẹn bébà tó ń dán tó sì mọ́ gaara bíi gíláàsì, kí ọ̀rinrin má bàa tètè wọlé, kí ọjà sì lójú. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó rí i pé ọwọ́ mi mọ́ sí i ju tòun lọ, ó bá fi apá ibẹ̀ sílẹ̀ fún mi pátápátá. Inú mi dùn nígbà náà. Mo rò pé mo ti rí ibi jókòó sí nínú ilé ọkọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí gbogbo ìjà yìí, inú ìkòkò gọ́ọ̀mù ló ti bẹ̀rẹ̀. Sítáàṣì pákí ni mò ń fi sè é, mo sì máa ń po gọ́ọ̀mù igi táwọn Hausa ń tà mọ́ ọn. Tó bá ki jù, búrọ́ọ̀ṣì á máa wọ́ ọ, á dì sójú kan, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ sẹ́lófénì, á wá máa lé ròrò bíi ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Ìyẹn ò burú tó, torí ojú rí i, ẹ ó kàn kó o dànù. Èyí tó ṣàn jù ni ọ̀tá. Bébà á fa omi rẹ̀ mu tán, kò ní ku ohun tó máa di sẹ́lófénì mú. Lójú ẹsẹ̀ yẹn á dán, á rẹwà, kọ́sítọ́mà á máa kí yín kú iṣẹ́... ẹ jẹ́ kí ọ̀rinrin bá a lálejò, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀. Èyí tó dáa, tí ẹ bá fi igi fà á sókè nínú ìkòkò, á máa wálẹ̀ gbọọrọ bí oyin, kò ní já, kò sì ní máa kán bí omi. Tí oòrùn bá mú, ó máa ń ki bí omi rẹ̀ ti ń fẹ́ lọ, ẹ lè bu omi bíńtín sí i. Àmọ́ tí òjò bá ń rọ̀, ẹ má fi omi kàn án rárá. Ṣé iṣẹ́ awo nìyẹn? Ẹni tó bá ti ro ẹ̀kọ rí láyé rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n.

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti máa bá wa gbé. Aṣọ fífọ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ ọmọ, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi sítáàṣì sí i, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kó le gan. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, wọ́n mọ iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n sítáàṣì aṣọ, bó bá ṣe ṣàn tó ló ṣe ń wọnú òwú tó. Bí wọ́n ṣe yọjú sínú ìkòkò mi báyìí, wọ́n ní mi ò mọ nǹkan án ṣún lò, pé mò ń se gọ́ọ̀mù bí ẹni ń ro ọkà, pé èyí tó ki báyìí kàn máa jókòó sórí bébà ni, kò ní wọ̀ ọ́ lára. Ni wọ́n bá gbé kẹ́tùlù omi gbígbóná, wọ́n bu omi là á, wọ́n ń rò ó, wọ́n tún ń là á. Mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ti bébà ò rí bíi ti aṣọ. Wọ́n ní ta ni mò ń kọ́ ní sítáàṣì? Wọ́n ní ṣé nígbà tí àwọn ń fi sítáàṣì sí ẹ̀wù pásítọ̀, ṣé wọ́n ti bí mi?

Ìyàwó ilé ni mí. Mo sáré lọ bá ọkọ mi nídìí ẹ̀rọ, mo ní kó wá wò ó. Ó wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí igi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó rí gọ́ọ̀mù tó ń kán lára igi yẹn bí òjò tó ń kán lórí páànù. Ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ o! Ẹni tó máa ń bínú tí mo bá bu omi tó ju ìkúnwọ́ kan lọ sí i! Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó wúkọ́, ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó sì yí padà, ó lọ. Ẹ kú iṣẹ́! Títí di òní, tí mo bá rántí "ẹ kú iṣẹ́" yẹn, àyà mi máa ń gbóná.

Pákẹ́ẹ̀tì ta sì ni à ń lẹ̀? Ti ìyá mi ni, gọ́ọ̀mù omi yẹn náà sì ni a fi lẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo gba ìyá mi níyànjú pé kí wọ́n yéé fi àpò kó edé lọ sókè, pé tí wọ́n bá dì í sí pákẹ́ẹ̀tì, àwọn ọlọ́jà ìlú òkè á máa wá a. Ìyá mi gbà. Wọ́n gba edé lọ́wọ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn pẹ̀lú, wọ́n ní kí gbogbo wọn jọ jẹ ńbẹ̀. Àwọn obìnrin yẹn ò béèrè ẹ̀rí kankan, torí ojú ìyá mi ni wọ́n wò. Wọ́n ń kó o sínú lọ́rì, òjò ń rọ̀... kí ló tún kù tí mo fẹ́ sọ fún yín? Kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á, sẹ́lófénì ti ń ṣí kúrò, bébà ti rọ̀, edé ti bu, funfun ti bò ó, ó ń rùn. Ọlọ́jà dá a padà sí Bàrígà pẹ̀lú èébú.

Ọjọ́ tó padà dé yẹn ni àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wo ìyá mi. Wọ́n ní edé tó ti pẹ́ ni ìyá mi kó sísàlẹ̀, tí wọ́n fi tuntun bò ó lórí. Ìyá mi! Obìnrin tó jẹ́ pé tí ẹja ẹlòmíràn bá já bọ́ sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n á wa ọkọ̀ tọ olúwarẹ̀ lọ láti dá a padà! Wọ́n ní kí ìyá mi má gbé igbá ọrẹ mọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní gbangba ni wọ́n ti gba igbá náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, ìyá mi sì jókòó, ìjọ ń kọ orin lọ. Èmi ò sí níbẹ̀, àbúrò mi ló sọ fún mi. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́ nìkan, ẹkún ìbínú ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé wa, ẹ tẹ́tí kí ẹ gbọ́ ohun tí Màmá sọ lójú àwọn aládùúgbò. Wọ́n ní ṣé àwọn ò sọ ọ́, pé ọmọ inú omi ò ṣeé gbé iṣẹ́ gbígbẹ fún, pé gbogbo ohun tó bá ti fọwọ́ kàn ló máa ń rin. Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ó ń nu ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àgbà tèmi ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ ọ.

Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ gbọ́ àlàyé lẹ́nu àwọn tó ṣe pákẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi bá pè wọ́n fún ọjọ́ Àìkú, àwọn àti ìyá mi. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi nínú yàrá, ó ń rọ̀ mí. Ó ní ìyá òun ti dàgbà, pé ojú ò gbọdọ̀ ti wọn níwájú àna. Ó ní ìyàwó ló ń ru ẹ̀bi ilé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a. Ó ní kí n kàn sọ pé èmi ni mo ṣi gọ́ọ̀mù náà sè, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀, òun á sì ra aṣọ àrán fún mi. Àrán! Mo ní tí mi ò bá wá sọ ọ́ ńkọ́? Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n yáa tẹ̀lé ìyá mi padà sí etí ọ̀sà lọ́jọ́ Àìkú yẹn, kí n máa yan edé níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó burú jù nínú àwọn méjèèjì? Ìyá rẹ̀, àìmọ̀ ló ṣe é, lóòótọ́ ni wọ́n gbà pé àwọn ń tún iṣẹ́ ṣe. Òun ńkọ́, tó mọ̀? Òun tó rí i lójú ara rẹ̀?

Ẹ tún wò ó dáadáa. Tí mo bá tiẹ̀ parọ́ náà, ṣé yóò gba ìyá mi sílẹ̀? Àwọn obìnrin yẹn á ní ọmọ ló ń bo ìyá rẹ̀ láṣìírí. Wọ́n á ní ìyá àti ọmọ ni wọ́n jọ dì í. Orúkọ wa méjèèjì á bàjẹ́ pọ̀, Màmá á jókòó lórí àga wọn, ọkọ mi á sì máa tẹ̀wé lọ. Ṣé èmi nìkan ni mo rí i bẹ́ẹ̀ ni?

Ó ku ohun kan. Òun gan-an ló mú mi kọ ìwé yìí, torí òun ni mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá kan tó ń yan bisikíìtì ní Fádèyí gbé iṣẹ́ pákẹ́ẹ̀tì wá fún wa. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ó ti darúgbó, ọjà yìí ni gbogbo ìrètí rẹ̀. Lánàá, mo se gọ́ọ̀mù, ó wà bó ṣe yẹ kó wà. Màmá tún wá, wọ́n yọjú, wọ́n pòṣé, wọ́n ní kí n gbé kẹ́tùlù wá. Mo lè sọ pé kò sí omi níbẹ̀. Mo lè da ìkòkò nù. Mo dìde, mo gbé kẹ́tùlù, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, bí ìyàwó tó lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bu omi là á. Èmi náà sì jókòó, mo fi gọ́ọ̀mù omi yẹn lẹ pákẹ́ẹ̀tì bàbá yẹn títí tó fi parí, mò ń fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ kó dán... Inú mi ń dùn! Mò ń sọ lọ́kàn mi pé kó ṣí, kó ṣí lójú gbogbo ayé, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń ba nǹkan jẹ́. Ìgbà tí mo parí ni mo tó rántí pé bàbá yẹn ò ṣẹ̀ mí. Mo ti sá wọn sílẹ̀ báyìí, ọjọ́ Ajé ni bàbá náà ń bọ̀ wá kó wọn. Mi ò tíì sọ fún un. Mo ṣì ń bínú jù láti sọ fún un, òdodo ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọge, ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ní ìyá àti ìyàwó nínú ilé kan, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n parọ́ kí n lè dúró sílé ọkọ? Ṣé kí n sọ òótọ́ kí wọ́n lé mi? Pẹ̀lú ohun tí mo ṣe lánàá yìí, ṣé ẹnu mi ṣì tó òótọ́ ọ̀hún sọ? Ẹ tètè dá mi lóhùn, torí àbúrò mi wá láàárọ̀ yìí. Ó ní ìyá mi ò mọ ìdí tí a fi pè wọ́n, wọ́n rò pé ọkọ mi fẹ́ bá wọn kẹ́dùn ni. Ó ní wọ́n ti ya ẹja tó dára jù lára èyí tí wọ́n yan sọ́tọ̀, pé àwọn ò lè wá kí ìyá ọkọ mi lọ́wọ́ òfo. Tí ìyá mi bá gbé ẹja yẹn kalẹ̀ níwájú Màmá, tí wọ́n bá kúnlẹ̀ kí wọn, tí gbogbo ojú wá yí sí mi... ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ?