Ẹ̀bẹ̀ fún Dúdúyẹmí, Abo Ẹṣin Tí Wọ́n Fẹ́ Pa ní Àpòmù

Agboolé Ẹlẹ́ṣin,
Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 27,
Àpòmù,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Agẹmọ, ọdún 1992.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Amójútó Ìlera Ẹran Ọ̀sìn,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ RÁN DÓKÍTÀ ẸRAN SÍ ÀPÒMÙ KÍ WỌ́N TÓ PA ẸṢIN KAN ṢOṢO TÓ KÙ FÚN WA

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ìgbà Iléyá nìyí: ẹsẹ̀ iwájú Dúdúyẹmí, abo ẹṣin wa, tí ó gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná; oyún tí ó wà nínú rẹ̀, tí n kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè; ìwé tí wolé-wolé lẹ̀ mọ́ ògiri ilé wa, pé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, àwọn yóò wá pa ẹṣin náà; àbúrò mi obìnrin, Sìlífátù, tí kò jẹun dáadáa mọ́; àti òjò, nítorí òrùlé ilé ẹṣin ń jò, omi sì ń ṣàn dé ibi tí ẹran náà dùbúlẹ̀ sí. Àwọn ará ilé mi máa ń sọ pé mo ń ṣa àníyàn jọ bí ẹni ń ṣa igi ìdáná. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má torí ìyẹn sọ ìwé yìí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Èmi ni akọ̀wé agboolé wa. Mo jáde ìwé girama, mo sì ṣiṣẹ́ akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó ní Ìkirè títí mo fi fẹ̀yìn tì. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni agboolé wa ti ń sin ẹṣin. Ẹṣin kò pọ̀ mọ́ ní agbègbè wa. Kí Iléyá tó dé, méjì péré ló ṣẹ́ kù fún wa: Sànmọ̀rí, akọ funfun, àti Dúdúyẹmí.

Nígbà kan, dókítà ẹran wà ní Ìkirè. Dókítà Olúrótìmí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣakí ni. Alùpùpù ló máa ń gùn wá sọ́dọ̀ wa. Ó máa ń fún àwọn ẹṣin ní oògùn aràn, ó máa ń la ẹnu wọn láti wo eyín, ó sì máa ń rẹ́ pátákò wọn kí ó má baà là. Nígbà tí eṣinṣin irù jẹ Sànmọ̀rí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, abẹ́rẹ́ dókítà yìí ló gbà á là. Nígbà tí inú run Dúdúyẹmí ní ọdún 1989, ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ihò imú rẹ̀ títí dé ikùn, ó gba ibẹ̀ rọ òróró sí i, ẹṣin náà sì dìde kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo wa ló wò ó, gbogbo wa ló pàtẹ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, ìjọba pín ìpínlẹ̀ wa sí méjì, wọ́n sì ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan padà sí ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Dókítà náà wá dágbére fún wa. Ó fọwọ́ pa Sànmọ̀rí lórí, ó ní òun kò mọ ẹni tí yóò rọ́pò òun. Di òní olónìí, ẹnikẹ́ni kò rọ́pò rẹ̀. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà.

Ó di dandan kí n ṣàlàyé àṣà wa kan, nítorí pé bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ní yé yín. Ní ọjọ́ Iléyá, Mọ́gàjí agboolé wa máa ń gun ẹṣin lọ sí Yídì. Bí a bá kírun tán, ẹṣin kì í gba ọ̀nà tó bá lọ padà. Ojú ilé gbogbo tí òkú ti ṣẹ̀ láti Iléyá èṣí ni yóò gbà. Àwọn ará ilé náà yóò jáde, wọn yóò bu àgbàdo tàbí ọkà bàbà sínú igbá, wọn yóò dárúkọ olóògbé wọn, wọn yóò sì gbé igbá náà sí ẹṣin lẹ́nu. Sàráà ni. Igbá náà sì gbọ́dọ̀ ṣófo, nítorí bí ẹṣin bá jẹ ẹ́ kù, ọkàn àwọn ará ilé kì í balẹ̀. Wọn yóò máa rò pé sàráà àwọn kò gbà. Àwọn ààfáà kan ti sọ fún wa pé kò sí èyí nínú ẹ̀sìn. A gbọ́, ṣùgbọ́n a kò fi í sílẹ̀.

Ní ọdún mìíràn, ilé tí ẹṣin máa ń dúró sí kì í pọ̀. Ọdún yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù ààwẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó àwọn ọlọ́jà wa bọ̀ láti Ìbàdàn gbókìtì ní ìtòsí Aṣejire, kò sì sí àdúgbò kan ní Àpòmù tí kò ṣọ̀fọ̀. Ìyàwó mi, Sàlámọ̀tù, wà nínú ọkọ̀ náà. Nítorí ìdí èyí, ẹnu ọ̀nà tiwa ni àwọn ẹṣin ti kọ́kọ́ dúró, ọwọ́ mi ni wọ́n sì ti jẹ igbá àkọ́kọ́. Sìlífátù, tí ń ta dòdò ní etí títì Ìkirè, fi dòdò lé e, nítorí pé Sàlámọ̀tù ló kọ́ ọ ní òwò náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí ilé tó tẹ̀lé wa, àti èyí tó tẹ̀lé e, wọ́n sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Sànmọ̀rí ló ń jẹ ṣáájú. Dúdúyẹmí, tí a kò gùn nítorí oyún, tí Gàrúbà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ń tọ́jú àwọn ẹṣin, kàn ń fà lẹ́yìn, ń jẹ níwọ̀nba.

Èmi tẹ̀lé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rù ń bà mí kí mọ́tò má lọ kọlù wọ́n. Gbogbo awakọ̀ tó bá ń bọ̀ ni mò ń na ọwọ́ sí pé kí ó rọra. Ọkọ̀ ni mo ń ṣọ́, n kò ṣọ́ àgbàdo. Kò sí ilé kan tó fún wọn ju igbá kékeré kan lọ, kò sì sí ilé kan tó ro ti ilé kejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Sànmọ̀rí kò fẹnu kan koríko. Ó ń yíjú wo ìhà ara rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta ikùn, ó ń dùbúlẹ̀, ó ń dìde, ó ń yí nílẹ̀, òógùn sì bò ó bí ẹni pé wọ́n da omi lé e lórí. Kò yàgbẹ́ rárá. A rántí ohun tí dókítà ṣe ní ọjọ́sí, a sì mú epo pupa, a rọ ọ́ sí i lẹ́nu. A rò pé òróró ni ìwòsàn. A kò mọ̀ pé ọ̀nà tí ó gbà wọlé ni ó ṣe pàtàkì jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, epo sì ń jáde ní imú rẹ̀.

Gàrúbà wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn ní àárọ̀ náà, nítorí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ wa jù. Ọlidé ni, ṣùgbọ́n ó rí dókítà ẹran kan bá nínú ilé rẹ̀. Ọkùnrin náà kò kanra mọ́ ọn, ó tilẹ̀ fún un lómi mu. Ó béèrè ohun tí ẹṣin náà jẹ, Gàrúbà sọ ọ́, ó mi orí. Ó ní ọkà náà ló ti pọ̀ jù, ó ń wú nínú ikùn, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó pẹ́ kí wọ́n tó tọ́jú. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé, "Ẹ ti di ará Ọ̀ṣun báyìí. Bí mo bá gbé oògùn ìjọba kọjá afárá Aṣejire, èmi ni wọn yóò pè wá rojọ́." Gàrúbà ní, "Ẹ dákun sà, ẹṣin kò mọ̀ pé wọ́n ti pín ìpínlẹ̀." Ó ní òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dárúkọ oògùn kan fún un kí ó lọ rà á. Gbogbo ibi tí Gàrúbà dé ni wọ́n tì nítorí ọdún.

Sànmọ̀rí kú kí Gàrúbà tó padà dé. Mọ́gàjí, tí ó gùn ún lọ sí Yídì ní ọjọ́ tó ṣáájú, jókòó tì í lórí ilẹ̀. A sin ín sí ẹ̀yìn agboolé. Àwọn ilé tó fún un ní ọkà wá kí wa kú ọ̀fọ̀, wọ́n ń sọ bí ó ti fi ìtara jẹ sàráà wọn. N kò lè sọ fún wọn ohun tí dókítà Ìbàdàn sọ. Ọkàn wọn ti gbọgbẹ́ tó. Sìlífátù nìkan ló bi mí léèrè ní tààrà bóyá dòdò òun wà lára ohun tó pa á, mo sì dá a lóhùn. Ìbá sàn kí n ti purọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé àwo dòdò lọ sí etí títì mọ́.

Dúdúyẹmí kò kú ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí a fi rí i tí ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì jáde, tí ó gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tí wọ́n mú dúró lórí eérú gbígbóná. Bí a bá ní kí ó rìn, ó ń gbọ̀n. Gàrúbà ń bu omi tútù sí pátákò rẹ̀, a tẹ́ koríko gbígbẹ sí abẹ́ rẹ̀, a sì ti dá ọkà dúró pátápátá. Ní báyìí, ìdùbúlẹ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù, egbò sì ti ń yọ ní ìbàdí rẹ̀. Oyún Sànmọ̀rí ló ń gbé, ó sì yẹ kí ó bí i kí ọdún yìí tó parí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wolé-wolé kan ń kọjá lọ, ó rí ẹṣin tó dùbúlẹ̀, ó rí ibi tí a sin èkejì sí, ó ní àjàkálẹ̀ àrùn ni. N kò bá a jà. Ìlera ará ìlú ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe dókítà ẹran. Mo fi àwọn àgùntàn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ẹṣin náà hàn án, pé ara wọn le. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọkà fún un. Ó ní kí n mú ìwé dókítà wá. Mo ní kò sí dókítà. Ó ní, "Bàbá, a jẹ́ pé kò sí ìwé nìyẹn." Ó sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ kan kà á, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá Ẹlẹ́ṣin, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á, ẹ lọ ra kẹ̀kẹ́." Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wá láti ilé tí òkú ti ṣẹ̀.

Gàrúbà ti wá sí ọ́fíìsì yín lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní wọ́n dá òun lóhùn dáadáa, wọ́n sì ṣàlàyé pé pípín àwọn dókítà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, àti pé kí àgbà kan nínú ẹbí kọ̀wé. Ìwé náà ni mo kọ yìí.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju èyí lọ. Ẹ rán dókítà kan wá wo Dúdúyẹmí kí Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n dá tó pé, kí ó sì kọ ohun tó bá rí sílẹ̀ fún wolé-wolé. Bí ó bá ní ìwòsàn, a ó ṣe gbogbo ohun tó bá pa láṣẹ. Bí ó bá ní kò sí, n kò ní bá a jiyàn, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ẹni tó mọ ẹṣin ni yóò sọ ọ́, kí ó sì fi oògùn mú un sùn, kí wọ́n má fi ìbọn pa á níwájú Mọ́gàjí. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ jọ̀wọ́ fi dókítà sí Ìkirè, tàbí kí ẹ bá ìpínlẹ̀ kejì sọ ọ́, kí ti Ìbàdàn lè máa kọjá odò wá bí ẹran bá ń kú lọ. Ohun kan ṣì kù. Kí ẹni tí ẹ bá rán bá wa bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ kí Iléyá mìíràn tó dé. Kí ó rọra sọ ọ́. Kí ó má sọ pé sàráà ló pa ẹṣin. Kí ó kàn sọ fún wọn pé ikùn ẹṣin kò gba ọkà tó bí a ti rò, pé ẹ̀kúnwọ́ kan láti ilé kọ̀ọ̀kan ti tó, koríko tútù sì lè dípò ìyókù.

Bí n kò bá rí ẹnikẹ́ni láti ọ̀dọ̀ yín, èmi fúnra mi ni yóò wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Sàlámọ̀tù wálé nínú oṣù ààwẹ̀, n kò tíì wọ ọkọ̀ kankan, ìdí sì nìyí tí Gàrúbà fi ń wá dípò mi. Mo ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ ní garéèjì, ó ti ṣèlérí pé òun kò ní sáré. N ó jókòó sí ọ́fíìsì yín títí dókítà kan yóò fi bá mi padà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Agẹmọ yìí, bí a bá ti kírun Àsùbáà tán, n ó gbéra láti Àpòmù.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á.

Èmi ni tiyín, tí ojú mi wà lọ́nà,

Sàídì Afọláyan,
Akọ̀wé, Agboolé Ẹlẹ́ṣin, Àpòmù.